Ẹni Tó Ń Rìn Lẹ́yìn

Ọkùnrin kan wà, tísà ni, tó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì rìnrìn-àjò lórí òkè. Ilẹ̀ òtútù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé-ìwé kan náà ni wọ́n jọ lọ nílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà jẹ́ awakọ̀, èkejì jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ti tó ọdún méje tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé lọ́jọ́ kan àwọn yóò gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, àwọn yóò sì fẹsẹ̀ rìn láti ìlú kan sí òmíràn láàárín àwọn òkè, títí dé ìlú tó ga jù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n sì ń yọ̀ lórí yìnyín bí ẹni tí kò ní egungun.

Nígbà tí wọ́n máa gbéra, Tísà ní ohun kan tí kò sọ. Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún òsì, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbé ẹrù wúwo. Tísà rò pé bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò fi òun sílẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́. Ó ní kí ìyàwó òun náà pa ẹnu mọ́.

Àwọn tó ń rìn lórí òkè máa ń pín ẹrù dọ́gba láràárọ̀: oúnjẹ, àgọ́, ìkòkò, okùn. Ẹnì kan á ṣíwájú, ẹnì kan á gbẹ̀yìn. Awakọ̀ ló mọ ọ̀nà, òun ló ń ṣíwájú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní òun ni yóò máa gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Ọjọ́ kìíní dùn. "Tísà, a ò pe rẹ́jísítà níbí o!" ni Awakọ̀ ń ké láti iwájú. "Gbé ẹsẹ̀!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tísà wá agolo mílíìkì rẹ̀ tì. Ó rò pé òun gbàgbé rẹ̀ síbi tí àwọn sùn ni. Ní ọjọ́ kẹta, ìwé ńlá kan tó mú dání láti máa kà kò sí nínú àpò mọ́. Ojú rẹ̀ wá là. Ó ṣàkíyèsí pé Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í jìnnà sí òun. Bí òun bá dúró, Gbẹ́nàgbẹ́nà náà á dúró. Bí òun bá bojú wẹ̀yìn, ẹrù òun ni ọkùnrin náà ń wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó wọ ilé oúnjẹ kan, ó bá àwọn méjèèjì tí wọ́n forí korí. Bí wọ́n ti rí i, wọ́n dákẹ́.

"Ọbẹ̀ ibí yìí ò níyọ̀," ni Awakọ̀ sọ.

Wọn kò tíì gbé ọbẹ̀ kankan síwájú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Tísà ń bọ́jú lọ́wọ́ nígbà tó rí ọwọ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà nínú dígí. Inú àpò Tísà ló wà. Tísà dúró kí ọkùnrin náà jáde, ó sì yẹ àpò rẹ̀ wò. Kíjìpá ìyá rẹ̀ ti lọ. Ìyá náà ti kú. Aṣọ náà wúwo, kò sì wúlò lórí òkè, ṣùgbọ́n Tísà kì í sùn láìtẹ́ ẹ sáyà.

Kò béèrè. Ó lọ ra àgádágodo, ó sì fi ti ẹnu àpò náà pa, pẹ̀lú oúnjẹ ọjọ́ méjì tó jẹ́ ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ìwọ máa lọ síwájú lónìí," ló wí fún Gbẹ́nàgbẹ́nà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀yìn tìrẹ ni mo fẹ́ máa wò. O ti wo tèmi tó."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo àgádágodo náà. "Ẹrù yẹn á wúwo o," ló sọ.

"Ta ló ni ín?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà bọ́ síwájú.

Ó ya Tísà lẹ́nu pé ẹrù tí wọ́n ti ń jí nǹkan nínú rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan tún wá wúwo ju ti àná lọ. Kò dúró rò ó. Ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀yìn ọkùnrin náà títí ìkùukùu fi bò ó mọ́ ọn lójú. Ibẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀. Ó yí gbirigbiri kúrò lójú ọ̀nà, ó bọ́ sínú kòtò tí yìnyín kún, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sì já sọnù. Ó ké, afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ó bojú wẹ̀yìn. Níbi tí ẹnì kan ti máa ń wà láti ọjọ́ yìí wá, kò sí ẹnì kankan.

Ó pẹ́ kí Gbẹ́nàgbẹ́nà tó padà wá a rí. Ó ti rán Awakọ̀ ṣíwájú lọ ké sí àwọn ará ìlú. Ó tú àpò ara rẹ̀. Agolo mílíìkì jáde, ìwé jáde, kíjìpá náà jáde.

"Ìwọ lo jí i," ni Tísà wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Èmi ni. Ìyàwó rẹ pè mí lọ́jọ́ tí a gbéra. Ó ní orúnkún rẹ ò tíì san, ó sì ní n ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí o mọ̀, kí ojú má bàa tì ọ́. Láti ọjọ́ kejì, o ò tíì gbé ìpín rẹ tán rí. Àní oúnjẹ tí o tì pa láàárọ̀ yìí gan-an, àpò mi ni mo fẹ́ kó o sí."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, ó fi wọ Tísà lọ́wọ́. Ó gbé e sẹ́yìn, ó ju kíjìpá náà yí i ká, ó gbà á mọ́ra gírígírí bí abiyamọ. Báyìí ló pọn àgbàlagbà ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lásán nínú òtútù náà. Nígbà tí àwọn ará ìlú pàdé wọn, òtútù ti pa ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún Gbẹ́nàgbẹ́nà. Dókítà gé wọn. Ọwọ́ tó fi ń mú ayùn ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kò fi ọ̀rọ̀ náà bú u rí. Ọdún kọkànlá lẹ́yìn náà ló kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ní kí Tísà wá rìn níwájú pósí, nítorí pé òun ni ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ ọn jù. Tísà ní rárá, òun ni yóò gbẹ̀yìn. Ó tiro tẹ̀ lé wọn dé ibojì.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, o ní àbúrò rẹ ń wọ yàrá rẹ bí o kò bá sí nílé, o ní ó ń bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ, o sì ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó lè jẹ́ pé olè ni lóòótọ́. Èmi kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá délé, má ì tíì ka ohun tó sọnù. Kọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ wò, kí o mọ̀ bóyá ìwọ nìkan lo ti ń gbé e láti ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà, pe àbúrò rẹ, kí o bi í. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Tísà kò béèrè.