Bí Òòrẹ̀ Ṣe Fi Oorun Gba Ilé Òkété

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, kò yà sódò, kò yà sóko, inú ihò ló wọ̀ lọ tààrà. Ó bá Òòrẹ̀ níbẹ̀, ó bá Yánbọ̀ aya rẹ̀, ó sì bá Òkété tó gbẹ́ ihò náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú Òòrẹ̀. Ẹni ńlá ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Òkété fi oṣù méjì gbẹ́ ilé de òjò. Èékánná rẹ̀ kán. Imú rẹ̀ bó. Òòrẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń wò ó.

Ó ní, "Òkété, o kú iṣẹ́ o. Ǹ bá bá ọ gbẹ́ ẹ, àmọ́ erùpẹ̀ á ba ẹ̀gún mi jẹ́."

Ọmọlúàbí ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Òjò dé. Ó pa Òòrẹ̀ títí omi fi ń kán lára ẹ̀gún rẹ̀ tó, tó. Ó wá sí ẹnu ihò Òkété.

"Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n ki orí bọ̀ ọ́. Orí nìkan ni."

Òkété ní, "Orí nìkan? Ó dáa."

Orí wọlé. Kò pẹ́, Òòrẹ̀ ní, "Ọ̀rẹ́ mi, orí wà nílé, ara wà lójò. Ṣé ìyẹn dára?"

Òkété sún sẹ́yìn. Ara wọlé.

Kò pẹ́, Òòrẹ̀ ní, "Ọ̀rẹ́ mi, Yánbọ̀ ń húkọ́ níta. Àwọn ọmọ ń sunkún."

Òkété tún sún sẹ́yìn. Yánbọ̀ wọlé. Ọmọ mẹ́rin wọlé, tẹ̀gún-tẹ̀gún.

Àwọn ọmọ Òkété figbe ta. "Bàbá, ó gún mi!" "Ó gún mi létí!"

Òòrẹ̀ ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ilé yìí há o. Ẹni tí kò bá rọ̀ lọ́rùn, kó jáde."

Báyìí ni onílé ṣe kó ọmọ mẹ́fà jáde sínú òjò, tí àlejò sì nasẹ̀. Èyí tó kéré jù ń gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí a kò lè wọ ilé wa?" Òkété gbéra.

Ó gba ọ̀dọ̀ Erin, ọba ẹranko, lọ. Erin ní kí Ẹtu lọ pe Òòrẹ̀ wá sẹ́jọ́.

Ẹtu dé ibẹ̀ láàárọ̀. Yánbọ̀ yọjú. "Ẹ ǹlẹ́ o. Bàbá àwọn ọmọ ń sùn."

Èèwọ̀ sì ni nílùú wọn, a kì í jí ẹni tó ń sùn lọ sẹ́jọ́. Ẹtu padà. Ó tún wá lọ́sàn-án. Òòrẹ̀ ń sùn. Ó wá nírọ̀lẹ́, ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Òòrẹ̀ o, jáde wá o!
*Ó ń sùn!*
Ọba ń pè ọ́ o!
*Ó ń sùn!*
Onílé ń bẹ lójò o!
*Ó ń sùn!*

Òòrẹ̀ ń hanrun nínú ihò. Ó tilẹ̀ ń hanrun bá orin náà lọ.

Inú bí Erin. Lọ́jọ́ kejì, ó wá fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, Òkété tẹ̀ lé e. Ó ki ọwọ́jà bọ ẹnu ihò. Òòrẹ̀ tó ń sùn, ẹni tó ń sùn o, ó yí ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹ̀gún ṣánṣán.

Yéè! Erin fa ọwọ́jà yọ. Ẹ̀gún mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Ó wo Òkété. Ó wo ọwọ́jà rẹ̀.

Ó ní, "Ẹjọ́ rẹ dùn, Òkété. Mo ti gbọ́ ọ. Ó di ọ̀la."

Ọ̀la ọ̀hún ò tíì mọ́ títí di òní. Òkété gbójú kúrò, ó lọ gbẹ́ ilé mìíràn.

Ìdí nìyí tí Òòrẹ̀ fi ń gbé inú ihò tí ẹlòmíì gbẹ́. Ìdí nìyí tí òun, aya àti ọmọ fi ń sùn pọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má baà rí i pè. Ó dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn adájọ́ ti relé, kó tó jáde lọ wú iṣu oníṣu.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ jí i lọ́sàn-án, kó bi í. Ṣùgbọ́n kó má fi ọwọ́ ṣáájú o.