Bí Àwẹ̀ró Ṣe Gba Òbúkọ Sí Ọwọ́ Òsì

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fo orí ẹni tó ń tòògbé, ó lọ balẹ̀ sórí àpáta. Òjédélé, lajú!

"Mi ò sùn, Ìyá Àgbà!"

Kò sùn, ihò imú rẹ̀ ló kàn ń dá kọrin.

Ní ìgbà kan rí, ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé lórí òkè kan. Ẹkùn ń gbé nísàlẹ̀. Etí Ẹkùn mú ju abẹ lọ: ẹni tó bá pariwo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fò sí. Nítorí náà wọn kì í ké síra wọn. Ẹni tó wà lókè pátápátá ló ń ṣọ́nà. Bó bá rí Ẹkùn tó dojú kọ ilé ẹnìkan, á sáré sọ ọ́ sétí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, onítọ̀hún á sáré sọ ọ́ sétí ẹni tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kan olúwarẹ̀.

Òfin wọn rọrùn. Ẹni méjì péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní lábẹ́: ẹni tó kéré sí i ní ọwọ́ òsì, ẹni tó dàgbà jù ú ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí iṣẹ́ bá kàn ọ́, wàá ro ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ bá mi gbè é:

Ó dàgbà jù ọ́ ńkọ́?

"Gba ọ̀tún!"

Kò tó ọ ńkọ́?

"Gba òsì!"

Ọgbọ́n dára, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ wá ni? Àwa tí a kì í bu omi mu bí àgbà kò bá tíì fọwọ́ kan igbá! Wọ́n ní àgbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró. Àgbò dúró lókè, ó ń yí ìwo bí ẹni pé òun ló gbẹ́ ẹ. Àwẹ̀ró, obìnrin amọ̀kòkò, kò tó Àgbò: òsì. Òbúkọ kò tó Àwẹ̀ró: òsì. Ẹtu: òsì. Ọ̀kẹ́rẹ́: òsì. Ehoro, àbíkẹ́yìn gbogbo wọn: òsì.

"Ọwọ́ ọ̀tún wọn wá ńkọ́?"

Ó ń gba atẹ́gùn! Ìlú di okùn kan gbọọrọ.

Lọ́jọ́ kan, Àgbò rí Ẹkùn tó ń lọ sí ihò Ehoro. Ó sọ fún Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró sọ fún Òbúkọ, Òbúkọ sọ fún Ẹtu, Ẹtu sọ fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Kí ọ̀rọ̀ tó dé etí Ehoro, Ẹkùn ti gbé ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ méjì lọ.

Ehoro pọn èyí tó kù, ó gun òkè wá. "Ẹ̀yin àgbà, ọ̀kan ṣoṣo ló kù sí mi lẹ́yìn. Ṣé títí Ẹkùn yóò fi mú èyí náà ni a ó máa to bí ẹ̀wọ̀n?" Ó sunkún padà sí ihò rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá Àgbò, òsì wa gùn, ọ̀tún wa ṣófo. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀tún mi, kí n bọ́ sókè."

"Èmi? Lábẹ́ ọmọ tí mo jẹun ìkómọ rẹ̀?"

"Ọ̀tún ni mo pè yín sí, n ò pè yín sábẹ́ bàtà. Ìwo yín kò ní já bọ́."

Àgbò fẹsẹ̀ halẹ̀ títí, ó sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀, Ẹtu náà bọ́ sókè rọ́pò Òbúkọ, ó fi Òbúkọ sí ọ̀tún, ó fi Ọ̀kẹ́rẹ́ sí òsì, Ehoro sì wà lábẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Síbẹ̀, òsì Àwẹ̀ró ṣì gùn ju ọ̀tún rẹ̀ lọ.

Ẹtu ní, "Ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, ó kàn yín. Ẹ bọ́ sí ọ̀tún mi."

Ẹ wá wo ẹ̀sín! Ojú ẹni tó fi Àgbò ṣe yẹ̀yẹ́ le koko. "Atẹ́gùn ibí bá mi lára mu."

Àgbò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀tún ni, ọmọ mi, kì í ṣe abẹ́ bàtà."

Àwẹ̀ró sọ̀kalẹ̀, Ẹtu gòkè. Ṣùgbọ́n Òbúkọ ti wà ní ọ̀tún Ẹtu tẹ́lẹ̀, ọwọ́ kan kì í gba ẹni méjì. Àyè Òbúkọ bọ́. Ó dúró sójú ọ̀nà tóóró bí ẹrù tí kò lólówó.

Ìgbà náà ni Ẹtu rí Ẹkùn. Ó ń fa ikùn nílẹ̀ bọ̀, ihò Ehoro ló dojú kọ.

"Yéè!"

Ẹ dákẹ́! Ẹkùn ń gbọ́.

Ẹtu fẹ́ sáré lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́, Òbúkọ dínà. Ẹtu sọ sí i létí pé, "Wá ibì kan wọ̀!"

"Ibo? Mo dàgbà jù ọ́, mi ò lè gba òsì rẹ. Mi ò tó Àwẹ̀ró, mi ò lè gba ọ̀tún rẹ̀."

Kò tó Àwẹ̀ró ńkọ́?

"Gba òsì!"

Òsì Àwẹ̀ró tí Ẹtu fi sílẹ̀ ṣófo gbáà. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró fi í di imú! "Òbúkọ kẹ̀? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀?"

Ẹkùn gbé ẹsẹ̀ kan. Ó tún gbé òmíràn. Nínú ihò, ọmọ Ehoro sín. Etí Ẹkùn dìde.

Àwẹ̀ró jáwọ́ nímú, ó fa Òbúkọ ní irùngbọ̀n mọ́ra, irùngbọ̀n náà wọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀nà là. Ẹtu dé etí Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ dé etí Ehoro. Ehoro gbé ọmọ wọ inú ihò lọ jìnnà. Èékánná Ẹkùn ha ibi tí ọmọ náà sùn sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì gbóná.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹni tuntun bá wọ ìlú, wọn á wo òsì, wọn á wo ọ̀tún. Bí apá kan bá gùn jù, ẹni òkè á sọ̀kalẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ á gòkè, ẹni tí àyè rẹ̀ bọ́, ọwọ́ tó ṣófo á gbà á, ìbáà máa rùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí kò lè sún kúrò lórí àpótí rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni Ẹkùn máa fi ṣe oúnjẹ.

Ibí ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá parọ́ mọ́ Àgbò, kí ó wá kàn mí. Bí kò bá wá, ẹ dìde, ẹ lọ sùn.