Alága Tó Gbé Pátákó Sókè

Ọkùnrin kan wà tí ó ń la igi tà, ó sì rí ṣe. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ba ẹnu tán, ó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ìlú rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń pè é ní Alága. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò dìgbà tí ènìyàn bá mọ bíríkì í tò kó tó kọ́lé.

Alága lọ wá akọ́nimọ̀ọ́gbá kan wá láti ìlú mìíràn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láwùyì ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó gbà á síṣẹ́, àwọn méjèèjì jókòó sórí pákó ní ibi ìlagi, wọ́n pín iṣẹ́. Alága ni yóò máa wá agbábọ́ọ̀lù, òun ni yóò máa wá bàtà, oúnjẹ àti ọkọ̀. Láwùyì ni yóò máa kọ́ wọn, òun ni yóò máa yan àwọn mọ́kànlá tí yóò wọ pápá, òun náà ni yóò sì máa pààrọ̀ wọn bí eré bá ń lọ lọ́wọ́. Alága fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé, “Tìrẹ ni pápá, tèmi ni ọ́fíìsì. Bí mo bá yọjú sí tìrẹ, lé mi jáde.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ ni, torí pé nígbà náà kò tíì sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kejì, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń nà wọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ọjọ́ Sátidé bá ti pé, pápá á kún, èrò á sì máa pariwo pé, “Láwùyì! Láwùyì!” Alága á wà lórí àga onítìmùtìmù rẹ̀ lókè, òun náà á máa pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ ń ta á. Ta ló ra bàtà tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé? Ta ló ń bọ́ wọn? Ó ń retí kí ẹnì kan ṣoṣo yí ojú sókè wo òun. Kò sí ẹni tó yí ojú.

Ní ọjọ́ kan, onígbàjámọ̀ rẹ̀ rìnrìn àjò, ó sì lọ gẹ irun lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Àwòrán Láwùyì ló kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jígí.

“Ẹ wo ọkùnrin yẹn, bàbá,” ni onígbàjámọ̀ wí. “Ọlọ́run ló rán an sí wa. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó tún ń tọ́ ọ.”

“Òun ló dá a sílẹ̀?”

“Wọ́n ní olówó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣá, onípákó kan. Ṣé ẹ mọ àwọn olówó, bí wọ́n bá ti rí ohun tó dáa, wọ́n á lọ fara mọ́ ọn.”

Alága kò jẹ́ kí ó parí ẹ̀yìn orí òun kí ó tó dìde.

Nígbà tí ó délé, ìyàwó rẹ̀ rí orí náà, ó sì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rò ó fún un. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́, ẹ̀yin lẹ mú ọkùnrin náà wá. Iyì rẹ̀, iyì yín ni.”

“Kò sí ẹni tó ń dárúkọ tèmi.”

“Kí lẹ wá fẹ́ kó ṣe? Kí wọ́n máa nà án kí inú yín lè dùn?”

Alága bínú sí i gidigidi, ó sì jáde nínú yàrá. Ohun tó bí i nínú ni pé ọkàn rẹ̀ ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì ó ránṣẹ́ pe Láwùyì. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí ó máa mú ìwé orúkọ àwọn mọ́kànlá wá fún òun kí ó tó fi lé rẹfirí lọ́wọ́.

“Alága, sà, àdéhùn wa ńkọ́?”

“Èmi ni mo ṣe àdéhùn. Èmi náà ni mo lè tún un ṣe.”

“Ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́, sà,” ni Láwùyì sọ, ó sì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Alága bẹ̀rẹ̀ sí í pa orúkọ kan rẹ́ nínú ìwé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó ń fi òmíràn sí ipò rẹ̀. Kì í ṣe pé ó mọ̀ pé ẹni tí ó fi síbẹ̀ sàn ju ẹni tí ó yọ lọ. Ìgbà mìíràn wà tí kò lè fi ojú dá àwọn méjèèjì mọ̀. Ohun tí kò lè fara dà ni kí ìwé náà jáde bí Láwùyì ṣe kọ ọ́. Kò sì pẹ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi mọ ibi tí agbára wà. Àwọn tí kì í tètè dé ibi ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé ibi ìlagi láti wá dọ̀bálẹ̀.

Síbẹ̀ ẹgbẹ́ ń borí, torí pé ẹni tó mọṣẹ́ a máa rí ọgbọ́n ta sí i. Bí wọ́n bá sì ti borí, “Láwùyì!” náà ni. Ìyìn yìí wá di àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú fún adìẹ. Alága rí i pé bí ọwọ́ òun ṣe ń ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ tó, ẹlòmíràn ni wọ́n ń yìn. Ó pinnu pé òun yóò ṣe é ní gbangba.

Ìdíje tó kẹ́yìn lọ́dún náà dé. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì péré, wọ́n á bọ́ sí líìgì ńlá, ibi tí ìlú náà kò dé rí láti ìgbà tí wọ́n ti mọ bọ́ọ̀lù. Àwọn arúgbó tí kì í jáde nílé pàápàá wà ní pápá. Ènìyàn mẹ́ta péré ni òfin fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ láti pààrọ̀ nínú eré kan. Láwùyì a máa lo méjì bí eré bá ṣe rí, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ẹ̀kẹta títí eré á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Aṣọ́lé ló máa ń fi í pamọ́ dè. Ó gbà pé ibòmíràn ṣeé dọ́gbọ́n sí, ṣùgbọ́n ẹnu ilé kò ṣeé fi sílẹ̀.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Góòlù kan sí kan ni. Alága dìde lórí àga rẹ̀, ó ká apá agbádá funfun sí èjìká, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí pápá.

“Mú nọ́mbà mẹ́jọ jáde, kí mẹ́rìndínlógún wọlé.”

Láwùyì sáré wá pàdé rẹ̀. “Alága, ẹ jọ̀ọ́, sà. A ti lo méjì. Ẹyọ kan tó kù, mo tọ́jú ẹ̀ de aṣọ́lé ni. Apá ti ń dùn ún láti àárọ̀.”

“Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin náà lẹ sì ní kí n lé yín jáde bí ẹ bá yọjú síbí.”

Ojú Alága ṣókùnkùn. Ó já pátákó nọ́mbà tí wọ́n fi ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ igbákejì Láwùyì, ó sì gbé e sókè fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ní apá kan, ó sì ràn ká: “Alága! Alága!” Ó dùn mọ́ ọn dé eegun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni rẹfirí sọ fún un kó tó gbé pátákó náà sọ̀ kalẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn náà, aṣọ́lé fò mú bọ́ọ̀lù kan, ó sì fi apá tó ń dùn ún ṣubú. Kò lè dìde. Aṣọ́lé kejì ti bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ sílẹ̀, ó ti dìde dúró, kí ó tó rántí pé kò sí ìpààrọ̀ mọ́. Ó tún jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn ló gba ìbọ̀wọ́, tí ó lọ dúró lẹ́nu ilé bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gbẹ̀bí. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú kan, bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára rárá yí gba àárín orúnkún rẹ̀ kọjá sínú ilé, líìgì ńlá sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tó sọ òkúta. Àwọn èrò kàn jókòó síbẹ̀. Oníròyìn kan bi Láwùyì ta ló ṣe ìpààrọ̀ kẹta, ó ní, “Ẹgbẹ́ wa ni.” Ìyẹn ìbá bo Alága láṣìírí, ṣùgbọ́n Alága ti gbé pátákó pẹ́ jù. Gbogbo ìlú ló ti rí i. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tó dárúkọ Láwùyì mọ́ ní ìgboro. Alága ni wọ́n ń dárúkọ, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí oṣù parí, Láwùyì di ẹrù rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun kan sì wà tí Alága kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí aṣọ́lé wà nílẹ̀ tó ń jẹ̀rora, etí Alága ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn èrò, ó ń tẹ́tí bóyá wọn á tún pe òun.

Ìwọ tí o dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí o sì wá fẹjọ́ ọ̀gá àgbà rẹ sùn mí pé ó ń gbéra ga, kí ló ṣe? Àwọn òbí kí i kí wọ́n tó kí ọ. Àwọn ọmọ yege, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. O ti ń wọ kíláàsì rẹ̀ lọ yí ohun tó ṣe padà, o sì ń pè é ní àbójútó. Padà sílé, kí o bi ara rẹ léèrè: bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá dára títí, tí kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ, ṣé inú rẹ á dùn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe ọ̀gá àgbà ni kí o lé.