Ohun Méje Tí Ọ̀yà Lóun Yóò Ṣe Nínú Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀.

Ohùn yín ti wálẹ̀. Mi ò bá yín wí. Àwa tí a ti ń ro ilẹ̀ láti àárọ̀, ohùn wo ló kù lọ́fun wa? Ẹ bá mi fa àpótí yẹn súnmọ́, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Ẹ fi aṣọ bo ẹsẹ̀ yín, ọyẹ́ ń mú. Lọ́sàn-án yìí, Àdùnọlá mú ìwé kan wá bá mi. Tíṣà wọn ló ní kí oníkálukú kọ ohun tó fẹ́ ṣe kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó parí. Mọ́kànlá lọmọ yìí kọ. Ó kà á fún mi dé ìkẹrin, ó rẹ̀ mí. Bàbá rẹ̀ tó jókòó tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, òun náà ní tirẹ̀, ẹfun ló fi kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. A ò ní ka ìyẹn lálẹ́ òní.

Àlọ́ mi rìn títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó ti Ọ̀yà, ọkọ Àwẹ̀ró.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú àwọn ẹranko, Ẹfọ̀n ni baálẹ̀. Bí ọdún bá ti yí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, Ẹfọ̀n yóò pe gbogbo ìlú jọ sábẹ́ igi àràbà. Oníkálukú yóò dìde, yóò sọ ohun tí òun yóò ṣe kí oṣù náà tó parí. Ẹni tó bá ṣe é, Ẹfọ̀n yóò gé ilẹ̀ kékeré kan fún un ní àkùrọ̀, ilẹ̀ tútù etí odò, níbi tí ẹ̀fọ́ ti ń hù nígbà tí gbogbo oko bá gbẹ. Ẹni tí kò bá ṣe é, ojú lásán ni yóò fi máa wo ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́ títí òjò yóò fi dé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ti rẹ gbogbo wọn. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti pẹ́, omi ti jìnnà. Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ fara ti igi ni.

Ó ní, "Ẹ tètè sọ̀rọ̀ ká máa lọ sílé. Ohun kan tí ẹ bá ṣe, ilẹ̀ kan."

Òkété dìde. Ó ní, "Èmi ó gbẹ́ ojúlé kejì sí ihò mi." Ó jókòó.

Ẹtu dìde. Ó ní, "Èmi ó ṣán koríko yí ilé mi ká, kí iná ọdẹ má bàa ká mi mọ́lé." Òun náà jókòó. Ẹ mọ̀ pé ìgbà Ṣẹ́rẹ́ yìí làwọn ọdẹ máa ń ti iná bọ igbó.

Ọ̀yà wá dìde. Ó ti ń wo ọ̀nà àkùrọ̀ láti àárọ̀.

Ó ní, "Baálẹ̀, ẹni tó bá ṣe ohun méjì, ṣé ilẹ̀ méjì ni?"

Ẹfọ̀n yán. "Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí."

"Ẹni tó bá wá ṣe méje ńkọ́?"

Ẹfọ̀n wò ó. Ó ní, "Ọ̀yà, ìwọ tí o ò ṣe ẹyọ kan léṣìí. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ló máa ń pa." Òkété ò fẹ́ràn òwe yẹn, ṣùgbọ́n ó mirí sí i.

Ọ̀yà ní, "Èṣí ti lọ, Baálẹ̀. Ọ̀yà ọdún yìí ọ̀tọ̀ ni."

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Òun ó kọ igba ebè. Òun ó kọ́ abà. Òun ó fi koríko tuntun bo ilé. Òun ó gbẹ́ kànga. Òun ó ṣe ọgbà yí ẹ̀yìnkùlé ká. Òun ó hun ẹní mẹ́wàá. Nígbà tó dé orí ìkeje, kò rí nǹkan kan sọ mọ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó sórí gbòǹgbò igi, oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, oyún àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwẹ̀ró rọra sọ pé, "Koríko àyíká ilé wa."

Ọ̀yà ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, n ó sì ṣán koríko yí ilé ká."

Ìlú pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ dún, torí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n inú Ọ̀yà dùn bí ẹni pé ó ti ṣe méjèèje tán.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, Àwẹ̀ró ní, "Ọkọ mi, ilẹ̀ kan ṣoṣo tó wa. Ẹ jẹ́ ká fi koríko yẹn ṣáájú. Àárín koríko gbígbẹ ni ilé wa wà. Bí iná bá dé, mi ò lè sáré. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́."

Ọ̀yà ní, "Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni koríko. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ ni n ó ṣe é."

Ẹ̀yin náà mọ irú ohùn yẹn. Gbogbo wa la ti fi í sọ̀rọ̀ rí.

Ṣé ẹ ó bi mí pé báwo ni Ọ̀yà kan ṣoṣo yóò ṣe ṣe ohun méje? Ó ti ro tirẹ̀ kó tó lanu. Òun àti Òkété àti Ẹtu ló jọ ń ṣe àáró. Ẹ mọ àáró: lónìí a ó jọ ṣiṣẹ́ lóko tìrẹ, lọ́la a ó jọ ṣiṣẹ́ lóko tèmi. Èèwọ̀ kan wà nínú àáró ìlú wọn. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ bá ti dáwọ́ lé lóko ẹnì kan, wọn kì í fi í sílẹ̀ láàbọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá nítìjú kì í fi í gbé iṣẹ́ tó ju ti ọjọ́ kan lọ sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀yà lọ bá wọn. Ó ní, "Ẹ wo bí Àwẹ̀ró ti wúwo. Ẹ jẹ́ kí tèmi ṣáájú."

Ẹtu ní kò burú, aboyún ni. Òkété fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Ọjọ́ kan ṣá?"

"Ọjọ́ kan ni."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n dé. Ọ̀yà ní, "Ẹtu, bá mi kọ ebè márùn-ún péré. Òkété, bá mi la ojú kànga. Ẹ bá mi ri òpó abà méjì yìí. Ẹ bá mi tú koríko òrùlé ìhà ibí yìí. Ẹ bá mi to igi ọgbà díẹ̀. Ẹ bá mi hun ẹní yìí, kò tó nǹkan." Nígbà tí oòrùn wọ̀, ohun mẹ́fà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí èyí tó parí. Òkété gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ọ̀yà ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀ ni?"

Òkété wo Ẹtu, Ẹtu wo Òkété. Wọ́n sọ ọkọ́ kalẹ̀. Àwẹ̀ró tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wo gbogbo rẹ̀ yíká. Ó rí i pé wọ́n ti fọwọ́ kan ohun gbogbo àfi koríko.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìyà. Láàárọ̀ ebè, lọ́sàn-án kànga, nírọ̀lẹ́ ẹní. Ọ̀yà á jókòó sábẹ́ ìbòòji, á máa dá orin, àwọn á máa gbè é. Ẹ bá mi gbè é:

Ebè pọ̀ lóko o,
*Díẹ̀ ló kù.*
Kànga ò tíì lómi o,
*Díẹ̀ ló kù.*
Ẹ̀yìn ń ro wá o,
*Díẹ̀ ló kù.*
Ilé wa ń pè wá o,
*Díẹ̀ ló kù.*

Ẹ wò ó, ẹ̀yin gan-an ti ń sùn nídìí orin. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wọn. Iṣu sísun tí kò ní epo ni Ọ̀yà ń fún wọn jẹ, Òkété á sì sùn lọ tòun ti iṣu lẹ́nu. Pátákò Ẹtu sán. Lójoojúmọ́ ni Àwẹ̀ró ń béèrè pé, "Koríko ńkọ́?" Ọ̀yà á ní ọ̀la ni. Ọjọ́ méjìlélógún ni wọ́n fi ṣe é kí ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó parí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Òkété ní, "Ó kàn mí lọ́la. Ẹ̀yìn tèmi, ó kan Ẹtu."

Ọ̀yà ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó ti dùbúlẹ̀ ló ń rò ó. Kí ni wọ́n fẹ́ kí òun máa gbẹ́ ihò oníhò fún? Bí wọn ò bá rí tiwọn ṣe, ṣé ilẹ̀ àkùrọ̀ ò tún ní ṣẹ́ kù fún òun? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ewé di ìbàdí, ó tẹ́ ẹní mẹ́wẹ̀ẹ̀wá léra wọn, ó sùn lé wọn.

Ó ní, "Ẹ̀yìn mi. Mi ò lè nàró. Iṣẹ́ yẹn ló mú mi lẹ́yìn báyìí."

Òkété wò ó títí. Ó ní, "Iṣẹ́ wo?" Ẹtu fà á lọ́wọ́, wọ́n kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n lọ. Àwọn méjèèjì ran ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbẹ́ ojúlé kejì Òkété, wọ́n ṣán àyíká ilé Ẹtu, ó sì rẹ̀ wọ́n débi pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ní ọjọ́ kẹta tí Ọ̀yà ti ń ṣàìsàn tí kò ṣe é, ó rántí koríko. Ó mú àdá, ó yọjú síta. Ó rí Ẹtu tó ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi. Ló bá sáré padà sórí ẹní. Bí wọ́n bá rí àdá lọ́wọ́ ẹni tí kò lè nàró, Ẹfọ̀n á gbọ́ pé ó fi irọ́ sá fún àáró, ilẹ̀ méjèèje á sì di àwátì. Ẹ ó ní kó ṣe é lóru. Òun náà rò ó. Ṣùgbọ́n ìró àdá máa ń rìn jìnnà nínú ọyẹ́, Òkété kì í sì í sùn mọ́jú. Irọ́ tí Ọ̀yà fúnra rẹ̀ pa ló wá dè é mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Àwẹ̀ró wò ó títí, ó mú àdá náà fúnra rẹ̀. Ó ṣán koríko díẹ̀, ó jókòó, ó mí. Ó tún ṣán díẹ̀, ó tún jókòó. Ibi tó ṣán ò ju fífẹ̀ ẹní kan lọ kó tó wọlé.

Ọ̀yà ní, "Fi sílẹ̀. Ara mi á yá lọ́la."

Àwẹ̀ró ní, "Kò sí ohun tó ṣe yín. Ó rẹ̀ mí, ọkọ mi. Kì í sì í ṣe oyún ló rẹ̀ mí."

Ó wá ku ọ̀la kí Ẹfọ̀n wá wo iṣẹ́ oníkálukú. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ọdẹ ti iná bọ igbó. Atẹ́gùn ọyẹ́ gbé e. Bí Ọ̀yà ti gbọ́ tí koríko ń ta pàpàpà, ó ta nílẹ̀, ewé ìbàdí rẹ̀ já, ó sì sá lọ. Ó sáré kọjá Ẹtu tó dúró sáàárín ilẹ̀ tó ti ṣán mọ́. Ó sáré kọjá Ẹfọ̀n tó ti wọ inú omi dé ọrùn. Gbogbo wọn ló rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó nà gbọnrangandan. Òkè odò lọ́hùn-ún ló tó rántí Àwẹ̀ró. Ó bojú wẹ̀yìn. Iná ti wà láàárín wọn.

Òkété ló gbọ́ ikọ́ aboyún. Ó gba ojúlé tuntun rẹ̀ jáde, ó bá Àwẹ̀ró lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ bí ẹní yẹn. Ó fà á lọ́wọ́ wọ ihò. Inú ihò ọ̀hún ni Àwẹ̀ró bímọ sí ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ mẹ́ta.

Nígbà tí iná lọ, Ọ̀yà padà wálé lórí eérú. Abà ti jó. Òrùlé tuntun ti jó. Ọgbà ti jó, ẹní mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti jó. Eérú kún inú kànga. Èébù iṣu ti sun mọ́ inú ebè. Ó wá Àwẹ̀ró, kò rí i. Ó jókòó, ó sunkún. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sunkún dáadáa. Ìgbà náà ló gbọ́ ẹkún ọmọ lábẹ́ ilẹ̀.

Ó rá dé ẹnu ihò Òkété. Ó ní, "Àwẹ̀ró, èmi ni."

Àwẹ̀ró dáhùn. Kò bínú, kò pariwo. Ohùn ẹni tó rẹ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ̀yìn yín ńkọ́? Ṣé ó ti sàn?"

Òkété rọra fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀yà ò ti nílé mọ́. Inú koríko tó bá rí ló ń sùn, bí nǹkan kékeré bá sì ti ta pá, á sáré.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Bí oṣù bá ti ń bẹ̀rẹ̀, má ṣe sọ ohun tí ìlú yóò fi pàtẹ́wọ́ fún ọ. Wo ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ pé bí o kò bá ṣe é, ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ìyẹn ná, kó o tó dárúkọ ìkejì.

Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ọyẹ́ gba ohùn mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Ó ti rẹ̀ mí.