Ọkùnrin Tí Kò Mọ Ìbídùn

Ọkùnrin kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gégẹdú nínú igbó tó jìnnà sí ilé. Àgọ́ tó ń gbé kò ní iná, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà ọdún nìkan ló máa ń wá sílé, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún padà síbi iṣẹ́. Ohun tó ń ṣàárò rẹ̀ jù lọ ni ohùn ìyàwó rẹ̀. Bí òjò bá ká òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ́ inú àgọ́, á máa rò ó pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun yóò jókòó ti obìnrin yìí, tí àwọn yóò máa tàkúrọ̀sọ títí oorun á fi gbé àwọn lọ.

Nígbà tí eegun rẹ̀ kò gba iṣẹ́ ayùn mọ́, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà sílé ní Ìlá. Wọ́n yọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sè, ó jẹ. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ti ń wọ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn obìnrin, tí ilé ọkọ rẹ̀ kò jìnnà, jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Eré kan wà tí wọn kì í jẹ́ kó fò wọ́n dá. Ọkùnrin náà jókòó tì wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n pòṣé, kò mọ ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bọ́jú lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún ọmọ náà pé, “Ìbídùn mà ti dèrò ilé ìwòsàn o. Ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ yọjú sí i.”

Ọkùnrin náà gbàgbé omi tó fi ń bọ́jú. Ó wọlé, ó wọ bàtà, ó dé fìlà.

“Ìyá Ọláitan, ilé ìwòsàn wo ni? Ẹ jẹ́ ká tètè lọ wò ó. Ọmọ ta ni nínú ẹbí?”

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín bú jáde, ọmọ náà di ògiri mú.

“Bàbá, inú tẹlifíṣọ̀n ni Ìbídùn wà!”

Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti tan tẹlifíṣọ̀n, á dìde, á gba ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ. Níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ àwọn olórin ni wọ́n ń jà lé lórí. Wọ́n ní kí Bàbá dá sí i, ta ni orin rẹ̀ dùn jù? Ó dárúkọ ẹni tó kọrin níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Onígbàjámọ̀ rọra ní, “Bàbá, ẹni yẹn ti kú tipẹ́.”

Ẹsẹ̀ wúwo ló fi rìn délé, kò sì lọ síbẹ̀ mọ́; ọ̀ọ̀dẹ̀ ló wá ń jókòó sí. Nígbà tó wà nínú igbó, ó ń ṣàárò ilé. Ní báyìí tó wà nílé, kò mọ ibi tí yóò dojú àárò náà kọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n mú iná lọ láàárín eré. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń wò ó. Ó jáde wá bá a lọ́ọ̀dẹ̀, ó ń pòṣé. Ojú kọ́kọ́ ń ti ọkùnrin náà láti béèrè. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìbídùn yìí, ọmọ ibo ni? Kí ló gbé e dé ilé ìwòsàn?”

Obìnrin náà wojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí yẹ̀yẹ́ kankan níbẹ̀. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rò ó dé ibì kan, ọkùnrin náà bi í bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré náà. Obìnrin náà dáhùn pé:

“Ọdún tí odò kún tí ẹ ò lè wálé ni. Àwọn ọmọ ti lọ. Bí mo bá jẹun tán, mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n kí ohùn èèyàn ṣáà wà nínú ilé. Kí n tó mọ̀, mo ti mọ gbogbo wọn lórúkọ. Ẹ̀yin gan-an ni mi ò mọ bí ẹ ṣe wà.”

Ọkùnrin náà ti ń rò pé wọ́n ti òun síta. Kò mọ̀ pé àyè tí òun fi sílẹ̀ ni àwọn ará inú tẹlifíṣọ̀n wá jókòó sí.

Láti ìgbà náà ló ti ń bá ìyàwó rẹ̀ wo eré náà. Ó ṣì máa ń ṣi àbúrò ọkọ Ìbídùn pè ní ọkọ rẹ̀. Bí ìpolówó ọjà bá dé, òun náà á sọ̀rọ̀ igbó fún un, títí kan ọ̀gá wọn tó máa ń kọrin lójú oorun. Àwọn ọdún tó lọ kò padà, ó sì ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń ṣàárò rẹ̀ ti wà létí rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ráhùn pé ayé ti fi ọ́ sílẹ̀, pé orin àwọn ọmọ rẹ kò yé ọ, pé eré tí aya rẹ ń wò kò ní láárí, má tíì pè é ní ìranù. O kò mọ ebi tí ìyẹn ń bá wọn pa. Abéèrè kì í ṣìnà. Ìtìjú ló ń sọ èèyàn di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Máa lọ sílé. Bí o bá bá wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, má gba ẹ̀yìn wọn kọjá sí yàrá. Sọ fún wọn pé kí wọ́n sún, kí wọ́n fún ọ láyè.