Bí Ìbídùn Ṣe Gbé Èéfín Lé Olóyè Lọ́wọ́
Ẹ wá gbọ́ bí Ìbídùn, ìyàwó tó kéré jù nílé Ajagbé, ṣe pa jíìpù láì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Olóyè Ajagbé, baálé ilé, wá kí ọmọ tuntun tí Ìbídùn bí, ó gbé jíìpù rẹ̀ dúró sábẹ́ fèrèsé ìkókó, ó sì fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, kí inú ọkọ̀ lè tutù dè é. Ìkókó ń wúkọ́. Àwọn ará ilé bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á, ó ní, “Èéfín wo? Ẹni tó bá gbé e lé mi lọ́wọ́ ni mo máa pa á fún.” Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Ó bọ́ sẹ́yìn jíìpù, ó ta aṣọ funfun tútù kan lé àpótí níwájú sáléńsà tí ń tu èéfín, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki olóyè. Ta ni wọ́n ń kì tó máa dìde? Ó kì í kan baba, ó kì í kan baba ńlá. Orí olóyè ń wú, ẹ́ńjìnnì ń kùn, aṣọ ń dúdú. Nígbà tó kì í tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà fún un: “Bàbá, èéfín yín rèé. Aṣọ tí mo fẹ́ fi gbé ọmọ yín jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni.” Olóyè wo aṣọ, ó gbọ́ ikọ́ lójú fèrèsé, ó sáré lọ pa mọ́tò fúnra rẹ̀. Kò pẹ́, ìkókó sùn. “Ìyàwó wa, mo dúpẹ́,” ni olóyè wí. “Ìwọ lo jẹ́ kí n rí ohun tí mò ń fún ọmọ mi mu.” Títí dòní, kí mọ́tò tó dúró dáadáa nílé Ajagbé, ohùn olóyè lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́: “Ẹ pa á o! Ìkókó wà nílé.”