Àsè Ìkòkò Kan

Ìmọ́lẹ̀-fẹ́ẹ́rẹ́-etí-odò, Omi-tútù-inú-àmù, àwọn ni wọ́n dífá fún Ẹfúnwùnmí, amọ̀kòkò òkè odò. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Wọ́n dífá fún un ní ọjọ́ tí ó fẹ́ sin ọmọ náà lọ sílé ọkọ, tí ó ń fi ọwọ́ kékeré wá ayẹyẹ ńlá. Wọ́n ní kí ó káalẹ̀, kí ó rúbọ. Ó gba apá kan nínú ọ̀rọ̀ wọn, ó fi apá kan sílẹ̀. Bí ó ṣe rí nìyí. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ.

Ogun ló gbé Ẹfúnwùnmí dé ìlú Òkè-Àgbọn. Ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà ni nígbà tí ogun tú ìlú àwọn baba rẹ̀ ká. Òun àti ìyá rẹ̀ sọnù síra wọn nínú igbó. Àwọn tí wọ́n jọ ń sá lọ ni wọ́n fà á fún ọkọ lójú ọ̀nà. Kò sí osùn lára rẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́wọ́ lé e lórí, kò sí ẹni tí ó sunkún pé ó ń lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ni Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, tó wá a rí, tí ó sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí Àyọ̀ká, ọmọ Ẹfúnwùnmí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, baba rẹ̀ kú. Amọ̀ ni ìyá fi tọ́ ọmọ. Ó ń wa amọ̀ létí odò, ó ń mọ ìkòkò, ó ń sun ún, ó ń rù ú lọ sọ́jà. Wọn kò sùn pẹ̀lú ebi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń ṣẹ́kù.

Àyọ̀ká dàgbà. Ọdẹ́yalé, àgbẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ odò, wá tọrọ rẹ̀. Wọ́n ṣe ìdána, ó ku ọjọ́ ìyàwó. Ẹfúnwùnmí ti pinnu nínú ara rẹ̀ tipẹ́ pé ọmọ òun kò ní í jáde nílé bí òun ṣe jáde. Ọjọ́ méje ni wọn yóò fi jẹ, tí wọn yóò fi mu. Wọn yóò pa màlúù. Onílù yóò wá láti ìlú mẹ́ta. Aṣọ àlàárì tuntun ni Àyọ̀ká yóò wọ̀, gbogbo Òkè-Àgbọn yóò sì mọ̀ pé ọmọ ẹni kan ló ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wo inú ilé rẹ̀, ohun tí ó rí ni iṣu díẹ̀, ẹ̀wà agbọ̀n kan, àti adìẹ mẹ́rin. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gba ilé awo lọ.

Ifá ní ire ni. Wọ́n ní kí ó rú ẹyẹlé méjì, obì mẹ́rin, oyin, àti ìkòkò tuntun kan tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ mọ. Wọ́n ní tí ó bá rúbọ tán, kí ó gbé ìkòkò náà padà sílé, inú rẹ̀ ni kí ó ti se oúnjẹ ìyàwó. Ohun tí ó bá wà nílé ni kí ó sè. Iye ènìyàn tí ìkòkò náà bá lè bọ́ yó ni kí ó pè. Kí ọjọ́ ìyàwó má sì kọjá ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

Ẹfúnwùnmí bi wọ́n pé kí ló dé tí Ifá fi fẹ́ kí ojú ti òun. Awo àgbà dá a lóhùn pé Ifá kò sọ ti ojútì, àti pé ohun tí Ifá kò bá tíì sọ, àwọn kò lè fi ẹnu àwọn sọ ọ́.

Ó kó ẹyẹlé sílẹ̀, ó kó obì, ó gbé oyin. Wọ́n rúbọ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ìkòkò náà délé, ó da ojú rẹ̀ dé sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn àna pé kí wọ́n ní sùúrù di ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde.

Ó dojú kọ iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ó ti máa wà létí odò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ ọgọ́ta ìkòkò, ó tò wọ́n jọ, ó kó igi àti koríko bò wọ́n, ó dáná sí i. Iná náà ti mú wọn pupa nígbà tí òjò ṣú láti ẹ̀yìn òkè. Kò sí ẹni tí ó retí rẹ̀. Omi tútù já lu ìkòkò gbígbóná, wọ́n sì ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Ẹfúnwùnmí kò fi lè dúró gbọ́ ọ mọ́. Méjì péré ló yè.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Iṣu tuntun jáde, ó tún sún ọjọ́ síwájú. Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́yalé wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè bóyá àwọn ṣe ohun kan tí kò dára ni. Ọyẹ́ dé, Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí ó fi máa lè jókòó, ohùn rẹ̀ ti lọ. Bí ó bá fẹ́ bu omi mu, àfi kí wọ́n gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́. Ẹ̀rù ba Ẹfúnwùnmí. Ó bo ẹ̀rù náà mọ́ra, ó tún padà sídìí amọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àyọ̀ká ń bá a gún amọ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

Ó ní, “Ìyá mi, ẹ má bínú. Ta ni a ń ṣe ìyàwó yìí fún?”

“Ìwọ ni.”

“Tí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò béèrè màlúù. Mo fẹ́ kí ìyá àgbà wà láyé lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ.”

Ọwọ́ Ẹfúnwùnmí wà nínú amọ̀ títí amọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mọ́ ọn. Ó dìde, ó ṣan ọwọ́, ó sì padà sílé awo. Ó ní òun rúbọ, nǹkan kò gún. Awo àgbà béèrè ibi tí ìkòkò wà. Ó sọ fún un.

Awo ní, “Ìdajì ni o rú. Ìdajì tó kù kò sí lọ́jà, ilé rẹ ló wà.”

Ó délé, ó ṣí ìkòkò náà, ó fọ̀ ọ́. Ó ránṣẹ́ sí àwọn àna pé ọjọ́ karùn-ún òní ni, kí wọ́n má ṣe ju mẹ́jọ lọ. Òun náà pe mọ́kànlá: àbúrò ọkọ rẹ̀ àtàwọn ará ilé rẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń wa amọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Àyọ̀ká. Àwọn ọ̀rẹ́ náà ni wọ́n di irun fún un, wọ́n fi osùn kùn ún. Aṣọ òfì kan wà nínú agbọ̀n Ẹfúnwùnmí, etí rẹ̀ ti ṣá. Wọ́n yí etí náà sínú, wọ́n ró o fún ìyàwó. Ìyá se ẹ̀wà pọ̀ mọ́ iṣu, ó pa adìẹ sí i.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí àwọn àna wọlé. Ẹfúnwùnmí kò lè wo ojú baba ọkọ. Ó ń retí ìgbà tí ọkùnrin náà yóò wò yíká, kí ó béèrè ibi tí àwọn èrò yòókù wà. Baba náà bọ́ bàtà, ó jókòó lórí ẹní, ó sì fọwọ́ kí oúnjẹ lè dé.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n gbé Àwẹ̀ró jáde. Àyọ̀ká kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Arúgbó náà la ẹnu. Kò sí ìlù, kò sí ariwo. Àwọn ọmọdé pàápàá dákẹ́. Gbogbo wọn tẹ orí síwájú. Ohùn náà kò ju èémí lọ, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ọ. Ó ki ọmọ náà, ó ki baba rẹ̀. Ó tún ki àwọn baba ńlá wọn ní ìlú tí ogun tú, orúkọ tí Ẹfúnwùnmí fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi láàárín wọn. Ó ṣàdúrà ọmọ, ó ṣàdúrà àlàáfíà. Wọ́n ń ṣe àṣẹ ní ohùn pẹ̀lẹ́ kí wọ́n má ba à bo ohùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó nawọ́, ó ń wá ẹnì kan.

“Ẹfúnwùnmí dà?”

“Èmi nìyí.”

“Kúnlẹ̀. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tìrẹ.”

Ẹfúnwùnmí, tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí. Ó ní, “Ilé tí o wọ̀ lọ́jọ́ náà láìsí mi, mo sìn ọ́ dé ibẹ̀ lónìí.” Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Obìnrin náà dorí kodò, ó sun ẹkún tí kò rí ààyè sun nígbà èwe rẹ̀. Ìgbà náà ni ó mọ̀ pé ká ní ogunlọ́gọ̀ èrò àti onílù ìlú mẹ́ta ló wà níbẹ̀ ni, ètè ìyá òun nìkan ni wọn ì bá rí tí ó ń mì.

Wọ́n sin Àyọ̀ká lọ kí ojú ọ̀run tó pọ́n tán. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, Àwẹ̀ró sùn, kò sì jí. Nígbà tí ọdún yípo, Àyọ̀ká bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Yéwándé. Ilé rẹ̀ tòrò. Ẹfúnwùnmí ń yọ̀, ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n wí: Ìmọ́lẹ̀-fẹ́ẹ́rẹ́-etí-odò, Omi-tútù-inú-àmù, wọ́n ní kí òun rúbọ, òun kó ẹyẹlé sílẹ̀, òun kò kó ìgbéraga sílẹ̀, ọjọ́ tí òun kó o sílẹ̀ ni ẹbọ òun tó fín.

Ifá wá ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyàwó, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ga, pé kí ó rúbọ, kí ó sì gba ìmọ̀ràn tó bá ẹbọ wá. Ohun tó wà nílé rẹ̀ tó. Àwọn tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni kí ó pè, kí ó sì pè wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lè wá.